Bẹ́ẹ ṣe máa kọ òfin ẹgbẹ́ òṣèlú tuntun tí ò ní fọ́ lọ́jọ́ kóńgírẹ́ẹ̀sì àkọ́kọ́

Gbogbo wa la ti rí i. Àwọn èèyàn á kóra jọ, wọ́n á ní ẹgbẹ́ tó wà nílẹ̀ ti sú àwọn, wọ́n á gba họ́ọ̀lù kan ní Òkè-Fìà l'Óṣogbo, wọ́n á rán aṣọ, wọ́n á dá fìlà, ẹnì kan á wá lọ da òfin ẹgbẹ́ ńlá kan kọ látòkè délẹ̀, á kàn yí orúkọ padà, ìgbà míì orúkọ ẹgbẹ́ àtijọ́ gan-an á ṣì wà nínú ìwé náà níbi tójú ò tó. Tó bá wá dọjọ́ kóńgírẹ́ẹ̀sì, ìpàdé tí wọ́n ti ń dìbò yan àwọn olóyè ẹgbẹ́, alága méjì á jáde, akọ̀wé méjì, ọ́fíìsì méjì, kóòtù ló máa bá wọn dá a.

Témi bá máa sọ ọ́ bó ṣe rí, ìwà burúkú nìkan kọ́ ló ń fà á. Ọjọ́ tí gbogbo wọn ń rẹ́rìn-ín síra wọn ni wọ́n kọ òfin yẹn, ọjọ́ ìjà ni wọ́n wá fẹ́ lò ó. Torí náà ìbéèrè kan ṣoṣo lẹ máa bi gbogbo gbólóhùn tẹ́ẹ bá kọ: tí alága àti akọ̀wé ò bá bára wọn sọ̀rọ̀ mọ́, ṣé gbólóhùn yìí á ṣì ṣiṣẹ́? Tí ìdáhùn bá ti jẹ́ rárá, ẹ pa á rẹ́, kẹ́ẹ tún un kọ.

Ohun tẹ́ẹ máa nílò kẹ́ẹ tó bẹ̀rẹ̀

- Òfin orílẹ̀-èdè Nàìjíríà ti 1999, abala 221 dé 229. Ẹ tẹ̀ ẹ́ jáde lórí pépà, ẹ má fi sórí fóònù nìkan.
- Òfin ìdìbò àti ìlànà INEC fún àwọn ẹgbẹ́ òṣèlú. Ti 2022 ló pọ̀ jù nínú èyí tí wọ́n ń pín kiri lórí WhatsApp, àmọ́ òfin ìdìbò máa ń yí, ti 2026 ti rọ́pò rẹ̀, èyí tó jáde kẹ́yìn ni kẹ́ẹ gbà.
- Lísìtì ìjọba ìbílẹ̀ 30 àti wọ́ọ̀dù 332 tó wà ní ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun.
- Ìgbìmọ̀ akọ̀wé-òfin tí ò ju èèyàn 7 lọ. Tó bá ti di 20, ìpàdé ni wọ́n máa máa ṣe, wọn ò ní kọ nǹkan kan.
- Lọ́yà kan tó máa ń kàwé tán kó tó buwọ́ lù ú.
- Ìyá tàbí bàbá kan tó ń tajà l'Ọ́jà Ọba, tí ẹ máa ka òfin náà sí létí. Ẹ máa rí ìwúlò wọn níwájú.
- Lẹ́jà ńlá, ìwé rìsíìtì oní-kábọ̀n tó ní nọ́ńbà, stáǹpù, àti àkáǹtì báńkì lórúkọ ẹgbẹ́.

Ìpele 1: Ẹ kọ ohun tí ẹ ò lè yí padà sílẹ̀ ná

Ẹ má tíì kọ àlá yín o. Ẹ mú pépà kan, kẹ́ẹ kọ ohun tí òfin ilẹ̀ ti pa láṣẹ. Abala 222 sọ pé ẹgbẹ́ gbọ́dọ̀ ṣí sílẹ̀ fún gbogbo ọmọ Nàìjíríà, ibi yòówù tí wọ́n ti bí i, ẹ̀sìn yòówù tó ń ṣe, ọkùnrin ni o obìnrin ni o. Orúkọ ẹgbẹ́ àti àmì rẹ̀ ò gbọdọ̀ ní ẹ̀yà tàbí ẹ̀sìn nínú, kò sì gbọdọ̀ jọ pé apá ibì kan nìkan lẹgbẹ́ náà wà fún. Olú ilé-iṣẹ́ gbọ́dọ̀ wà ní Àbújá. Abala 223 ní kẹ́ẹ máa dìbò yan àwọn olóyè, àlàfo ìdìbò kan sí ìkejì ò gbọdọ̀ ju ọdún 4 lọ, àwọn ìgbìmọ̀ aláṣẹ àpapọ̀ sì gbọ́dọ̀ wá láti ìdá méjì nínú mẹ́ta àwọn ìpínlẹ̀ pẹ̀lú Àbújá.

Ibi táwọn èèyàn wa ti máa ń ṣìnà nìyí: wọ́n á fẹ́ kí ẹgbẹ́ jọ ilé. Ẹnì kan á ní ẹ jẹ́ ká fi ẹja Àtáọ́ja ṣe àmì, ẹlòmíì á ní kí Oòduà wà nínú orúkọ. Ó dùn létí lóòótọ́, àmọ́ orúkọ tó ní Oòduà nínú, ẹ̀yà nìyẹn, kò lè kọjá. Ẹja yẹn náà, ẹni tó bá mọ ìtàn Òṣogbo á ní ìlú kan lẹ̀ ń polongo, èmi ò ní dán an wò. Ẹ sì rántí pé kò sí ẹgbẹ́ òṣèlú tó jẹ́ ti Ọ̀ṣun nìkan lábẹ́ òfin Nàìjíríà. Ẹ̀ka ìpínlẹ̀ ni ọ́fíìsì tẹ́ẹ bá ṣí l'Óṣogbo, bó ti wù kó tóbi tó.

Ẹ yẹ̀ ẹ́ wò: ẹ fún ẹnì kan tí kì í ṣe Yorùbá, tó ń gbé Sábó, ní orúkọ àti àmì yẹn, ẹ má ṣàlàyé nǹkan kan fún un. Ẹ bi í pé ta lẹgbẹ́ yìí wà fún. Tó bá ní ẹ̀yin Yorùbá, ẹ padà síbi tẹ́ẹ ti bẹ̀rẹ̀.

Ìpele 2: Rẹ́jísítà ọmọ ẹgbẹ́

Ibí yìí ni gbogbo ìjà ti ń bẹ̀rẹ̀, torí náà ẹ fara balẹ̀. Ẹni tó bá ni rẹ́jísítà lọ́wọ́ ló ni kóńgírẹ́ẹ̀sì, ọmọ òṣèlú ò ní sọ ìyẹn fún yín lójú, àmọ́ gbogbo wọn ló mọ̀ ọ́n.

Wọ́ọ̀dù ni kẹ́ẹ ti máa forúkọ sílẹ̀, kì í ṣe ilé àgbà ẹgbẹ́ kankan. Ojú ìwé kọ̀ọ̀kan nínú lẹ́jà kó ní nọ́ńbà, kí ìlà kọ̀ọ̀kan sì ní: nọ́ńbà ọmọ ẹgbẹ́, orúkọ ní kíkún, ọkùnrin tàbí obìnrin, ọjọ́ orí, nọ́ńbà fóònù, ibùdó ìdìbò tó wà lórí káàdì PVC rẹ̀, ọjọ́ tó wọlé, nọ́ńbà rìsíìtì, ìbuwọ́lù tàbí ìtẹ̀ka. Tílẹ̀ bá ṣú, tí ìforúkọsílẹ̀ ọjọ́ yẹn bá parí, kí akọ̀wé wọ́ọ̀dù fa ìlà sábẹ́ orúkọ tó gbẹ̀yìn, kó kọ iye orúkọ tó wọlé lọ́jọ́ náà ní fígọ̀ àti ní lẹ́tà, kí òun àtẹni méjì míì buwọ́ lù ú. Ìlà yẹn kéré lójú o, àmọ́ òun ni ò ní jẹ́ kẹ́nì kan wá fi 60 orúkọ há àárín òru.

Nǹkan kan wà tó jẹ́ ti Òṣogbo gan-an. Ìlú kan ni lójú wa, àmọ́ ìjọba ìbílẹ̀ méjì ló pín in: Òṣogbo tí sẹkitéríàtì rẹ̀ wà ní Òkè-Báálẹ̀, àti Ọlọ́rundá tí tiẹ̀ wà ní Ìgbóná. Ẹni tó ń gbé Ọ̀fàtẹ̀dó, tó ń jí wá s'Ólá-Ìyá lójoojúmọ́, ìjọba ìbílẹ̀ Ẹgbẹ́dọrẹ ló wà. Tẹ́ẹ bá bi wọ́n pé ibo lẹ̀ ń gbé, Òṣogbo ni gbogbo wọn máa sọ, akọ̀wé á sì kọ Òṣogbo, ọjọ́ kóńgírẹ́ẹ̀sì lẹ máa wá mọ̀ pé ogún èèyàn tó wà lórí ìlà ò ní wọ́ọ̀dù níbẹ̀. Ẹ má bi wọ́n léèrè ibi tí wọ́n ń gbé. Ẹ ní kí wọ́n mú PVC jáde, ohun tó bá wà lára rẹ̀ ni kẹ́ẹ kọ.

Gbólóhùn tó yẹ kó wà nínú òfin yín rèé, ẹ lè tún un ṣe bó bá ṣe wù yín:

"A ó ti rẹ́jísítà wọ́ọ̀dù pa ní ọjọ́ 60 ṣáájú kóńgírẹ́ẹ̀sì. Láàárín ọjọ́ 7, akọ̀wé wọ́ọ̀dù yóò lẹ ẹ̀dà rẹ̀ mọ́ ara ògiri ọ́fíìsì, yóò fi ẹ̀dà kan ránṣẹ́ sí ìjọba ìbílẹ̀ àti ọ̀kan sí ìpínlẹ̀. Bí ẹ̀dà mẹ́ta náà kò bá bára mu, èyí tí wọ́n lẹ̀ mọ́ ògiri, tí ẹ̀rí àwòrán rẹ̀ sì wà, ni a ó lò."

Gbólóhùn tó kẹ́yìn yẹn ló ń ṣiṣẹ́ lọ́jọ́ ìjà. Ọ̀pọ̀ òfin ẹgbẹ́ máa ń sọ ẹni tó máa tọ́jú rẹ́jísítà, wọn ò ní sọ èyí tẹ́ẹ máa gbà gbọ́ tó bá di méjì. Ẹ sì kọ rẹ́jísítà sórí pépà, kẹ́ẹ tún ní in lórí kọ̀ǹpútà, òfin ìdìbò 2022 béèrè fún méjèèjì nígbà tiẹ̀, ó sì ní kó dé ọwọ́ INEC ó kéré tán ọjọ́ 30 ṣáájú kóńgírẹ́ẹ̀sì tàbí ìdìbò abẹ́lé; ẹ wo iye ọjọ́ tó wà nínú èyí tó jáde kẹ́yìn. Ẹ wá rí ìdí tí mo fi ní ọjọ́ 60.

Ẹ yẹ̀ ẹ́ wò: ẹ di ojú, kẹ́ẹ mú 20 orúkọ láti wọ́ọ̀dù kan, ẹ pè wọ́n. Ẹ má bi wọ́n pé ṣé ọmọ ẹgbẹ́ ni wọ́n, ẹ ní "ẹ kú iṣẹ́ o, ẹgbẹ́ wo lẹ forúkọ sílẹ̀ sí?" Tí mẹ́ta bá ti ní àwọn ò mọ nǹkan kan, tàbí tó jẹ́ fóònù ẹnì kan náà ló ń dún fún orúkọ mẹ́rin, ẹ da rẹ́jísítà wọ́ọ̀dù yẹn nù kẹ́ẹ tún un ṣe.

Ìpele 3: Ta ló ń ṣe kí ni

Wọ́ọ̀dù, ìjọba ìbílẹ̀, ìpínlẹ̀, àpapọ̀. Ẹ má fi nǹkan míì há àárín. Olóyè 7 tó ní wọ́ọ̀dù, tẹ́ẹ bá fi 23 síbẹ̀ torí kí gbogbo èèyàn lè rí nǹkan jẹ́, ẹ ò ní rí kòrọ̀mù, iye èèyàn tó gbọ́dọ̀ pé kí ìpàdé tó lè ṣe ìpinnu, kó jọ láé. Ẹ má sì fojú kékeré wo wọ́ọ̀dù: abala 225A fún INEC lágbára láti yọ ẹgbẹ́ tí ò rọ́wọ́ mú nínú ìdìbò, ipò káńsílọ̀ pàápàá wà lára ohun tí wọ́n ń wò. Oṣù kejì 2020, ẹgbẹ́ 74 ni wọ́n yọ lẹ́ẹ̀kan náà, 18 ló kù.

Fún ipò kọ̀ọ̀kan, ẹ kọ nǹkan mẹ́ta: ohun tó lè dá ṣe, ohun tí ò lè ṣe láìjẹ́ pé ìgbìmọ̀ fọwọ́ sí i, àti ẹni tó máa ṣe é tí kò bá sí nílé tàbí tó kọ̀. Ẹ̀kẹta yìí lẹ́nikẹ́ni kì í rántí. Kí ló máa ṣẹlẹ̀ tí alága ò bá pèpàdé? Ẹ kọ ọ́: tí alága ò bá pèpàdé fún ọjọ́ 45, ìdá kan nínú mẹ́ta àwọn olóyè lè kọ lẹ́tà sí akọ̀wé, akọ̀wé gbọ́dọ̀ pèpàdé láàárín ọjọ́ 7, tóun náà bá kọ̀, àwọn tó buwọ́ lu lẹ́tà yẹn lè pè é fúnra wọn, ní ọ́fíìsì ẹgbẹ́, kì í ṣe nílé ẹnikẹ́ni. Tẹ́ẹ bá gba "nílé ẹnikẹ́ni" láyè, ẹ ti dá ẹgbẹ́ kejì sílẹ̀ nìyẹn.

Ọ̀rọ̀ bàbá ìsàlẹ̀ wá ńkọ́? Ẹ ò lè ní kò ní sí, ẹni tó bá fi mọ́tò àti họ́ọ̀lù sílẹ̀ á fẹ́ kí wọ́n gbọ́ tòun. Ẹ fún àwọn àgbà ní ìgbìmọ̀ tiwọn, kí wọ́n máa gbani nímọ̀ràn, kí wọ́n máa parí ìjà, kẹ́ẹ wá kọ ọ́ gbangba pé ìgbìmọ̀ náà ò ní ìbò, kò sì lè fagi lé ohun tí kóńgírẹ́ẹ̀sì bá ti pinnu. Tójú bá ń tì yín láti kọ ọ́ nígbà tí wọn ò tíì náwó, ṣé ìgbà tí wọ́n bá náwó tán lẹ máa wá kọ ọ́?

Kí obìnrin má sì jẹ́ women leader nìkan o. Ẹ kọ iye ipò tó gbọ́dọ̀ jẹ́ tiwọn, títí kan akápò tàbí akọ̀wé, sínú òfin.

Ìkìlọ̀ lórí fífẹnukò sí ẹnì kan ṣoṣo: "a ti gbà pé lágbájá ni" kì í ṣe ẹ̀rí. Nígbà tiẹ̀, òfin ìdìbò 2022 ní kí gbogbo àwọn tó ń du ipò náà buwọ́ lùwé pé àwọn yọ̀ǹda fún ẹnì kan náà. Ẹ lo irú rẹ̀ fún ipò inú ẹgbẹ́ náà, látorí wọ́ọ̀dù. Tẹ́nì kan péré bá kọ̀, ẹ dìbò.

Ẹ yẹ̀ ẹ́ wò: ẹ ka ìpele yìí sí létí ìyá tó ń tajà l'Ọ́jà Ọba yẹn. Ẹ bi wọ́n pé, "Mà, tí alága bá sá lọ, ta lẹ máa lọ bá?" Tí wọ́n bá dáhùn láì ronú púpọ̀, ó ti dáa. Tí wọ́n bá ní "ẹ tún un kà," àṣìṣe ò sí lọ́wọ́ wọn.

Ìpele 4: Owó

Àkáǹtì kan, ẹni mẹ́ta ló máa ní ìbuwọ́lù, ẹni méjì ló gbọ́dọ̀ buwọ́ lù kí owó tó jáde, akápò gbọ́dọ̀ jẹ́ ọ̀kan. Kí owó ẹgbẹ́ má kọjá nínú àkáǹtì ẹnikẹ́ni, kódà fún ọjọ́ kan, kódà tí POS ò bá ṣiṣẹ́. Gbogbo owó tó wọlé ní rìsíìtì, ìwé funfun fún ẹni tó san, kábọ̀n á dúró sínú ìwé, tí ìwé kan bá bàjẹ́ ẹ fa ìlà sí i lára kẹ́ẹ fi sílẹ̀ níbẹ̀, ẹ má fà á ya, torí nọ́ńbà tó sọnù ni wọ́n máa fi pè yín ní olè.

Ibi tí ẹ̀rù ń bà mí jù ni owó òkè òkun. Àwọn ọmọ wa tó wà ní Lọ́ńdọ̀nù àti Amẹ́ríkà máa ń fẹ́ ràn yín lọ́wọ́, wọ́n á dá owó jọ, ẹ̀gbọ́n kan á fi ránṣẹ́. Abala 225 sọ pé ẹgbẹ́ òṣèlú ò gbọdọ̀ ní owó tàbí dúkìá nílẹ̀ òkèèrè, kò sì gbọdọ̀ di owó tí wọ́n fi ránṣẹ́ sí i láti òkèèrè mú, INEC ló gbọ́dọ̀ kó o fún láàárín ọjọ́ 21. Ẹ kọ ọ́ sínú òfin yín, kẹ́ẹ tún kọ ọ́ sórí pépà kan fún àwọn ará òkè òkun kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀ sí í dáwó. Owó ńlá tí ẹ ò mọ ẹni tó fi ránṣẹ́ náà, ẹ dá a padà.

Ẹ yẹ̀ ẹ́ wò: ní ìparí oṣù, ohun tó wà ní báńkì, ohun tó wà nínú lẹ́jà, àti àpapọ̀ àwọn kábọ̀n gbọ́dọ̀ bára mu dé kọ́bọ̀. Ẹ lẹ̀ ẹ́ mọ́ ògiri. Alága tó bá ní kẹ́ẹ má lẹ̀ ẹ́, ẹ bi í pé kí ló dé, kẹ́ẹ sì kọ ìdáhùn rẹ̀ sínú mínítì.

Ìpele 5: Òfin ìwà

"Ọmọ ẹgbẹ́ gbọ́dọ̀ jẹ́ olóòótọ́ àti ọmọlúàbí." Mo ti rí gbólóhùn yìí nínú òfin oríṣiríṣi, kò wúlò fún nǹkan kan. Ta ló máa pinnu pé ẹnì kan kì í ṣe ọmọlúàbí? Ẹni tó bá ti ń bínú sí i ni. Òfin ìwà gbọ́dọ̀ sọ ohun téèyàn ò gbọdọ̀ ṣe, bẹ́ẹ ṣe máa mọ̀ pé ó ṣe é, àti ohun tó máa gbà fún un.

Ẹ wo "dìbò kóo sebẹ̀" bí àpẹẹrẹ. Ẹ má kọ pé "ẹgbẹ́ wa lòdì sí ríra ìbò". Ẹ kọ ọ́ báyìí: "Ọmọ ẹgbẹ́ tó bá fún olùdìbò tàbí dẹ́lígéètì ní owó, oúnjẹ, aṣọ tàbí ìlérí iṣẹ́ kó lè dìbò fún ẹnì kan, yálà nínú ìdìbò abẹ́lé tàbí ti gbogbogbòò, yóò pàdánù ẹ̀tọ́ láti du ipò kankan nínú ẹgbẹ́ fún ọdún 4. Ẹni tó gbà á náà kò ní dìbò nínú kóńgírẹ́ẹ̀sì tó kàn." Owó mọ́tò dẹ́lígéètì tó ti Ìlá tàbí Ìwó wá s'Óṣogbo kì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀, àmọ́ ẹgbẹ́ ni kó san án, iye kan náà fún gbogbo ẹni tó bá wá láti ibì kan náà, kó sì wà nínú lẹ́jà. Tí olùdíje bá lè san owó mọ́tò, ó ti lè ra ìbò, kò sí ìyàtọ̀ nínú ẹ̀.

Àwọn tó kù, kíákíá. Tọ́ọ̀gì: abala 227 fòfin de kí ẹgbẹ́ kó àwọn èèyàn jọ tàbí kọ́ wọn láti máa fi agídí ṣe nǹkan, torí náà "àwọn ọmọ tó ń ṣọ́ ìpàdé" ò gbọdọ̀ sí, ọlọ́pàá ni kẹ́ẹ kọ̀wé sí. Ẹbí: ẹni tó ń ṣe ìgbìmọ̀ àyẹ̀wò olùdíje tí ọmọ ìyá rẹ̀ bá gba fọ́ọ̀mù, kó dìde. Ẹni tó bá gba iṣẹ́ lọ́wọ́ gómìnà tàbí alága káńsù, kó fi ipò rẹ̀ nínú ẹgbẹ́ sílẹ̀ kó tó dìbò níbẹ̀. Fóònù àti voice note: èébú lórí gúrúùpù WhatsApp kì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀ tí wọ́n ń lé èèyàn fún o, ìkìlọ̀ ló yẹ, àmọ́ ẹni tó bá gbé mínítì ìpàdé àwọn olóyè fún ẹgbẹ́ míì, ìyẹn yàtọ̀. Tẹ́ẹ bá fi ìjìyà kan náà sórí méjèèjì, kò ní pẹ́ tí wọ́n fi máa lo òfin èébú láti lé gbogbo ẹni tó bá ń béèrè owó.

Ẹ yẹ̀ ẹ́ wò: ẹ fún ẹni méjì tí wọn ò fẹ́ràn ara wọn ní ẹjọ́ àròsọ kan náà, kí wọ́n lo òfin yín dá a lọ́tọ̀ọ̀tọ̀. Tí ìdájọ́ wọn bá bára mu, ẹ máa lọ.

Ìpele 6: Ìbáwí

Òfin orílẹ̀-èdè, abala 36, ló fún èèyàn lẹ́tọ̀ọ́ kí wọ́n gbọ́ tẹnu rẹ̀. Nínú ẹgbẹ́ yín, ó túmọ̀ sí lẹ́tà tó sọ ẹ̀sùn náà pàtó, ọjọ́ 14 láti fèsì, ìgbìmọ̀ tí olùfisùn ò sí nínú ẹ̀, ìdájọ́ lórí pépà, àti kòtẹ́milọ́rùn sí òkè láàárín ọjọ́ 21. Ẹ kọ iye ọjọ́ tí ẹni tí wọ́n dá dúró máa fi wà níta pẹ̀lú. Ẹ má sì kọ pé "títí ìgbìmọ̀ yóò fi parí ìwádìí", ìwádìí yẹn lè má parí láé.

Ìbéèrè tó le jù: ṣé wọ́ọ̀dù lè dá olóyè àpapọ̀ dúró? Ẹ má fi í sílẹ̀ láìkọ. Adams Oshiomhole, alága àpapọ̀ ẹgbẹ́ APC nígbà náà, wọ́ọ̀dù rẹ̀ l'Édó ló kọ́kọ́ dá a dúró, kóòtù kòtẹ́milọ́rùn sì fọwọ́ sí i ní oṣù kẹfà 2020. Ní 2023, wọ́ọ̀dù ló tún ṣe é fún Iyorchia Ayu ti PDP ní Bẹ́núè. Ohun yòówù kẹ́ẹ rò nípa àwọn méjèèjì, ẹ wò ó bí èèyàn bíi mélòó kan ṣe lè jókòó sí wọ́ọ̀dù kan kí wọ́n mi ẹgbẹ́ gbogbo Nàìjíríà. Èrò tèmi ni pé kí wọ́ọ̀dù lè fẹ̀sùn kan ẹnikẹ́ni tó forúkọ sílẹ̀ níbẹ̀, àmọ́ kó jẹ́ ìgbìmọ̀ tó wà ní ipele kan náà pẹ̀lú olóyè yẹn tàbí tó ga jù ú lọ ló máa dá a. Àwọn kan máa ní ìyẹn máa dáàbò bo àwọn ńlá, òótọ́ díẹ̀ wà níbẹ̀, ìdí nìyẹn tẹ́ẹ fi gbọ́dọ̀ fi iye ọjọ́ sí i: tí ìgbìmọ̀ òkè ò bá dá ẹjọ́ náà láàárín ọjọ́ 30, ẹ̀sùn náà á lọ tààrà síwájú ìpàdé gbogbogbòò ìpele yẹn.

Ẹ yẹ̀ ẹ́ wò: ẹ ya ọ̀nà tí ẹ̀sùn kan máa gbà sórí pépà láti ọjọ́ 1 dé òpin. Tẹ́ẹ bá débì kan tẹ́ẹ ń sọ pé "alága á mọ ohun tó máa ṣe," ihò wà níbẹ̀.

Ìpele 7: Ẹ dán an wò, kẹ́ẹ tó gbé e lọ

Ẹ mú wọ́ọ̀dù méjì, ọ̀kan nínú ìlú (Àtáọ́ja A tàbí Jagun, bó bá ṣe rọ̀ yín lọ́rùn), ọ̀kan ní ìgbèríko, kẹ́ẹ ṣe kóńgírẹ́ẹ̀sì àfiṣeré níbẹ̀. Kí ẹnì kan mọ̀ọ́mọ̀ gbé rẹ́jísítà kejì wá, kí alága mọ̀ọ́mọ̀ máa bínú jáde, kẹ́nì kan fẹ̀sùn kan akápò. Ẹ gbé òfin yín sórí tábìlì, kẹ́ẹ máa wá ìdáhùn nínú ẹ̀. Ibi tí ìdáhùn ò bá sí, kí ẹnì kan fi bírò pupa sàmì sí i.

Lẹ́yìn àtúnṣe ni kẹ́ẹ wá gbé e fún lọ́yà, lẹ́yìn ìyẹn àwọn tó wà ní ìpínlẹ̀ yòókù á rí i, torí ẹ̀yin Òṣogbo nìkan kọ́ lẹ máa fọwọ́ sí i. Nígbà tiẹ̀, òfin 2022 ní kí ìwé ìforúkọsílẹ̀ dé INEC ó pẹ́ jù oṣù 12 ṣáájú ìdìbò gbogbogbòò; ẹ wo iye oṣù tó wà nínú èyí tó jáde kẹ́yìn, kẹ́ẹ ka oṣù sẹ́yìn kẹ́ẹ tó bẹ̀rẹ̀ sí í rán aṣọ. Tí òfin ẹgbẹ́ bá ti wà lọ́dọ̀ INEC, àtúnṣe yòówù tẹ́ẹ bá ṣe sí i, ó gbọ́dọ̀ dé ọ̀dọ̀ wọn láàárín ọjọ́ 30. Ìgbà tẹ́ẹ bá gbé e lọ, ẹ mú ẹ̀dà kejì dání, kí wọ́n lù ú ní stáǹpù, kí wọ́n kọ déètì sí i, ìyẹn ni kẹ́ẹ ṣe fotokópì rẹ̀ fún gbogbo akọ̀wé ìjọba ìbílẹ̀. Ẹ̀dà tí ò bá ní stáǹpù yẹn lára, kẹ́nikẹ́ni má fi jiyàn nípàdé.